“Kò Yẹ” àti “Kò Tíì Yẹ”: Àríwísí lórí Òṣùwọ̀n tí A Fi Ń Ṣa Àwọn Ọ̀dọ́ Eléré Ìdárayá

Ìfáárà

Nínú gírámà èdè Yorùbá, wúnrẹ̀n kékeré kan wà tí ó lè yí ìdájọ́ padà. Wúnrẹ̀n náà ni “tíì”. Bí a bá sọ pé “ọmọ yìí kò yẹ”, a ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá sọ pé “ọmọ yìí kò tíì yẹ”, a ti fi ilẹ̀kùn ọ̀la sílẹ̀ ní ṣíṣí fún un. Àwa olùkọ́ èdè mọ ìyàtọ̀ yìí dunjú, nítorí pé a máa ń kọ́ ọ nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìyísódì. Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí ni pé àwọn tí ń ṣa ọmọ ọdún 13 sí 15 fún eré ìdárayá onípò gíga kò ní wúnrẹ̀n yìí nínú èdè ìdájọ́ wọn. Àìní in yìí ń ṣe ìpalára méjì: ó ń lé ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn dànù, ó sì ń bí irọ́ nípa ọjọ́ orí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ohun tí ó kan onímọ̀ èdá-èdè nínú ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, èsì mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń yan ọmọ, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń lé e. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ìtumọ̀ kan pàtó, àwa ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wí.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Mboppi

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù yóò mọ Ọjà Mboppi. Ọjà àwọn tí ń tà lọ́pọ̀ ni. Páálí páálí àti ìdì ìdì ni wọ́n ń ta nǹkan níbẹ̀: aṣọ, bàtà, abọ́ oníke, ohun ìṣaralóge. Àwọn oníṣòwò ń ti orílẹ̀-èdè tí ó yí Kamẹrúùnù ká wá rajà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n a kì í wá Yorùbá tì. Ohùn àwọn Yorùbá tí ó ń gbé láàrin èdè Faransé ni mo lọ gbà sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí obìnrin aláṣọ kan bi mí ní ìbéèrè kan.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ni *inapte* túmọ̀ sí ní èdè wa gan-an?”

Mo ní, “Ó túmọ̀ sí pé ènìyàn kò yẹ.”

Ó ní, “Kò yẹ fún kí ni, Bàbá? Ṣé àìsàn ni wọ́n rí lára rẹ̀ ni, àbí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá?”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 14, ni wọ́n mú lọ fún ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n ní kí ó sáré, wọ́n ní kí ó fò, wọ́n wọn gíga rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Wọn kò sì dá ọjọ́ tí ó lè padà wá.

Ìbéèrè obìnrin yìí jinlẹ̀ ju èsì mi lọ. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó sínú ọ̀rọ̀ Faransé kan yẹn, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó wọn sínú *fitness*. Èkíní ni ìlera: ṣé ọkàn ọmọ náà ń lù dáadáa, ṣé kò sí àrùn lára rẹ̀? Èkejì ni okun àti agbára: báwo ni ó ṣe lè sáré tó, kí ni ó lè gbé? Ẹ̀kẹta ni yíyẹ: ṣé ibi tí a fẹ́ fi í sí bá a mu? Èdè Yorùbá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má ní agbára tó pọ̀. Ẹni tí ó ní agbára bí ẹṣin lè má yẹ fún iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a sì fi ọ̀rọ̀ kan dá wọn lẹ́jọ́, àbájáde ìwọ̀n ara yóò wọ aṣọ ìdájọ́ oníṣègùn, ìyá ọmọ kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bèèrè.

Ohun tí òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n

Kí á tó padà sí ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹ jẹ́ kí á yà sí ọ̀dọ̀ eré mìíràn níbi tí wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Eré náà ni rugby ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *rugby league*. Ní ìlú Huddersfield ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1895, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú náà àti ti àwọn ìlú mìíràn yapa nítorí pé wọ́n fẹ́ san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti awakùsà tí eré ń gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Eré tálákà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò sì ṣàjèjì sí wa mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Ghana àti Mòrókò pàdé ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Ìlú Èkó fún ìdíje eré yìí, Nàìjíríà ni ó sì gbégbá orókè.

Eré ìkọlura ni rugby. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n agbára yan àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà: sísáré ogún mítà, fífò sókè lójú kan, àti sísáré lọ sáré bọ̀ láàrin ìlà méjì bí ẹ̀rọ ṣe ń dún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣà wò, wọ́n rí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tí wọ́n mú láàrin ọdún 13 sí 15 máa ń ga, wọ́n sì máa ń wúwo ju ẹgbẹ́ wọn lọ, nítorí pé wọ́n tètè bàlágà. Èkejì ni pé àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìdíje ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni ọdún náà ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní oṣù náà fi nǹkan bí oṣù 11 ju ọmọ oṣù Kẹjọ lọ, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn ará Kánádà ti ṣàkíyèsí irú èyí nínú hóòkì orí yìnyín láti ọdún 1985.

Kí ni èyí kọ́ wa? Gíga ọmọkùnrin máa ń yára jù ní nǹkan bí ọdún 14, ṣùgbọ́n ó lè tètè dé bá àwọn kan ní ọdún 12, kí ó sì pẹ́ títí di ọdún 16 kí ó tó dé bá àwọn mìíràn. Bí ọmọ ọdún 14 méjì bá dúró lójú kan, ọ̀kan lè ní ara ọkùnrin, kí èkejì sì ní ara ọmọdé. Bí a bá ní kí wọ́n sáré, èyí tí ó ní ara ọkùnrin ni yóò borí. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní agbára ju èkejì lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ohun tí a wọ̀n ni ìgbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ohun tí a sọ pé a wọ̀n ni ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ìwádìí kan náà fi hàn pé bí wọ́n bá tọ́jú àwọn tí ó pẹ́ bàlágà sínú ẹgbẹ́, wọ́n máa ń lé àwọn yòókù bá. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n nílò, òun gan-an ni wọn kì í sì í fún wọn.

Òṣùwọ̀n ni ó ń bí irọ́

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sí Kamẹrúùnù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, tí Samuel Eto'o jẹ́ ààrẹ rẹ̀, kéde pé nínú àwọn ọmọ 30 tí wọ́n kó jọ fún ẹgbẹ́ àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, 21 ni àyẹ̀wò ẹ̀rọ MRI fi hàn pé wọ́n ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lé gbogbo wọn, nígbà tí ìdíje ààrin gbùngbùn Áfíríkà ní ìlú Limbe ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ kan náà fi ẹ̀sùn níní ìdánimọ̀ méjì kan àwọn agbábọ́ọ̀lù 62. Kí ọmọ Nàìjíríà má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1989, FIFA fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu. Ní ọdún 2009, nígbà tí FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ MRI nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí a gbà lálejò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ tiwa náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ìwà ọmọ àti ìwà òbí ni gbogbo ènìyàn máa ń bú. Èmi kò ní gbèjà irọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ohun tí ó sọ irọ́ yìí di ọjà tí ó ń tà. Kò sí oníṣòwò kan ní Mboppi tí kò mọ̀ pé bí oníbàárà bá ń fi ìwúwo nìkan ra àpò, láìtú ẹnu rẹ̀ wò, kò ní pẹ́ tí òkúta yóò fi wà nínú àpò. Ẹni tí ó fi òkúta sí i jẹ̀bi. Ẹni tí ó kọ̀ láti tú àpò wò ńkọ́? Bí àwọn tí ń ṣa ọmọ bá sọ pé ọmọ tí ó ga, tí ó wúwo, tí ó lè sáré bí géńdé ni àwọn fẹ́, tí wọ́n sì ní kí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 15, géńdé ni a ó mú wá fún wọn pẹ̀lú ìwé ọdún 15. Ìwé náà kò sì ṣòro. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kò forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò; ilé-ẹjọ́ ni ó ń fún irú wọn ní ìwé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọjọ́ tí òbí bá pè ni yóò sì wà nínú ìwé.

Ẹ wo bí ẹnu-ọ̀nà méjèèjì ṣe ń ta ko ara wọn. Ní ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́, ara tí ó ti gbó ni wọ́n ń fẹ́. Ní ẹnu-ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ MRI ń wo ọrùn ọwọ́, eegun tí kò tíì gbó ni ó sì ń fẹ́. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn FIFA gbé jáde ní ọdún 2007 ni ó bí àyẹ̀wò yìí. Ọ̀dọ́kùnrin agbábọ́ọ̀lù 496 láti Switzerland, Malaysia, Algeria àti Argentina ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ọmọ ọdún 16, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tí eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti so pọ̀ pátápátá. Ohun tí ẹ̀rọ náà lè sọ kò ju pé bí eegun bá ti so tán, ó ṣòro kí ọmọ náà má tíì kọjá ọdún 16. Kò lè sọ pé gbogbo ẹni tí eegun rẹ̀ kò tíì so ni ó ṣì wà ní ọmọ ọdún 16. Ẹni ọdún 18 tí ara rẹ̀ ń pẹ́ dàgbà lè gba ibẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, ọmọ ọdún 14 tí ń sọ òtítọ́, tí ara rẹ̀ kò tíì dàgbà, kò ní kọjá ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 16 tí ń sọ òtítọ́, tí ó tètè bàlágà, ni ẹ̀rù lè bà ní ẹnu-ọ̀nà kejì bí eegun rẹ̀ bá yára so. Ẹni tí ọ̀nà náà rọ̀ lọ́rùn jù lọ ni ẹni ọdún 18 tí eegun rẹ̀ kò tíì so, tí ó sì ní ìwé irọ́ lọ́wọ́. Ètò tí ó ń gé olóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń dárí ji onírọ́ tí ó ríre ní ìparí, kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní òṣùwọ̀n.

Ọwọ́ tí a fi ń kan etí

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa yóò rántí pé àwa náà ti lo irú òṣùwọ̀n yìí rí. Láyé ìjọba òyìnbó, àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ìbí, bí a bá mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà yóò ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀yìn ọdún. Gígùn apá ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe òye. Ọmọ tí ó gbọ́n ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kúrú a máa padà sílé, ọmọ tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ gùn a wọlé.

Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Tíṣà ìgbà náà kò sọ pé ọmọ náà kò yẹ fún ìwé. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí. Kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Òṣùwọ̀n náà kò dára tó, ṣùgbọ́n “tíì” wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n òde òní ní aago, ó ní ẹ̀rọ, ó ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ “tíì” kúrò nínú rẹ̀. Mo wí pé nínú èyí, tíṣà abúlé ìgbà náà sàn jù wọ́n lọ.

Àwọn àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé eré ìkọlura kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe: bí a bá fi ọmọ tí kò lágbára síwájú ẹni tí ó wúwo jù ú lọ, yóò ṣèṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ìdí láti ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nígbà ìkọlura. Kì í ṣe ìdí láti lé èyí tí ó kéré. Ní New Zealand, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìwúwo pín àwọn ọmọ tí ń ṣe rugby sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá ti ń dán an wò láti fi ìdàgbàsókè ara pín àwọn ọmọ nígbà mìíràn, dípò ọjọ́ orí nìkan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò tó láti tọ́jú gbogbo ọmọ. Èmi kò sọ pé kí wọ́n mú gbogbo ọmọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe pa orúkọ wọn rẹ́. Kíkọ orúkọ sílẹ̀ àti pípe ọmọ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò gbà ju ìwé, gègé àti okùn ìwọ̀n lọ.

Àtakò kẹta ni pé àwọn tí ń ra agbábọ́ọ̀lù láti Yúróòpù ń fẹ́ ẹni tí ó ga. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Barcelona ń ṣe ní ọdún 2000 tí wọ́n fi gba Lionel Messi, ọmọ ọdún 13 tí ara rẹ̀ kò dàgbà bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì san owó ìtọ́jú rẹ̀? Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Wọ́n wo ohun tí ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní sùúrù fún ara rẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè fún

Ohun mẹ́rin ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ eré ìdárayá wa, bẹ̀rẹ̀ láti Douala títí dé Ìlú Èkó.

Èkíní, kí wọ́n ya àyẹ̀wò ìlera kúrò lára ìdánwò agbára. Oníṣègùn nìkan ni kí ó máa sọ̀rọ̀ lórí ìlera, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún òbí.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe fi ìdánwò agbára nìkan lé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Kí àbájáde ìdánwò jẹ́ ohun tí a fi ń mọ irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ nílò.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ìpele ìdàgbàsókè ara ọmọ àti oṣù tí a bí i sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ nípa rẹ̀. Ọgbọ́n ìṣirò wà fún èyí láti ọdún 2002, nípa lílo ọjọ́ orí, ìwúwo, gíga lórí ìdúró àti gíga lórí ìjókòó. Kò pé pérépéré, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí á di ojú lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ọmọ tí wọn kò mú gba ìwé tí ó sọ ohun tí ó kù fún un àti ọjọ́ tí ó lè padà wá, kí wọ́n sì ka ìwé náà fún òbí rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohun kẹrin yìí ni ó kan àwa tí a ń ka ìwé yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Iṣẹ́ tiwa ni. A ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ìṣirò, fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti fún ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó yẹ kí á ṣe é fún pápá ìṣeré náà, ní Yorùbá, ní Ìgbò, ní Haúsá, ní Duala, ní gbogbo èdè tí àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ. Kí àkójọ náà ya ìlera, agbára àti yíyẹ sọ́tọ̀ kedere. Kí ó sì pèsè ọ̀nà tí a lè gbà sọ fún ọmọ ọdún 14 pé kò tíì yẹ, láìsọ fún un pé kò yẹ. Èdè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ọ́. Kí àwọn onímọ̀ èdè wọ̀nyẹn kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣa ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ọ̀rọ̀ ni òun kò rí.